Ilẹ̀kùn Tí A Tì: Ìtàn Àwọn Ilé Ọtí Birmingham

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn. Ní Birmingham, ìlú ńlá kan ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àrọ́bá pọ̀ nípa àwọn ilé ọtí tí kò sí mọ́. Àwọn àgbàlagbà ìlú náà a máa ka orúkọ wọn bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ará ilé tó ti di olóògbé: èyí wà ní ìkóríta, èyí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-iṣẹ́ irin, èyí ni bàbá àgbà ti mutí kẹ́yìn kó tó lọ sójú ogun. Wọ́n ti wó àwọn kan láti fẹ títì. Àwọn mìíràn ti di ilé gbígbé tàbí ṣọ́ọ̀bù. Òmíràn kàn dúró lófìfo, pákó ni wọ́n fi kan fèrèsé rẹ̀ pa.

Pọ́ọ̀bù ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ilé ọtí bẹ́ẹ̀. Ìkékúrú ni ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá na orúkọ rẹ̀ tán, ohun tó túmọ̀ sí ni ilé gbogbo ènìyàn. Nínú orúkọ yìí gan-an ni kókó ìtàn náà wà. Ilẹ̀kùn títì pín sí oríṣi méjì. Ọ̀kan ni ilẹ̀kùn tí a tì pa nígbà tí òwò kú. Èkejì ni ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ ènìyàn lójú nígbà tí òwò ṣì ń lọ geere. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ ìrántí ilé ọtí sílẹ̀, ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ni wọ́n ń sunkún lé lórí. Ìtàn tó bá pé gbọ́dọ̀ sọ ti èkejì pẹ̀lú, nítorí pé àwọn méjèèjì kan ara wọn ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ.

Ìlú Ẹgbẹ̀rún Iṣẹ́

Birmingham kì í ṣe ìlú etí òkun, bẹ́ẹ̀ ni kò ní odò ńlá tí ọkọ̀ lè gbà wọ̀lú. Iṣẹ́ ọwọ́ ló sọ ọ́ di ìlú ńlá. Láti ọ̀rúndún kejìdínlógún ni àwọn alágbẹ̀dẹ, àwọn aṣebọ́tìnnì, àwọn arọdẹ àti àwọn aṣèbọn ti kún ibẹ̀ débi pé ìlú ẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ní 1796, ilé ìyọ́rin Soho bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Smethwick, ìlú tó fara kan Birmingham ní ìwọ̀-oòrùn. Matthew Boulton àti James Watt ló dá a sílẹ̀ láti máa ṣe ẹ̀rọ tí ooru omi gbígbóná ń mú ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ iná a máa gbẹ ènìyàn lọ́fun. Níbi tí ilé-iṣẹ́ bá wà, kò ní pẹ́ kí ilé ọtí tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọtí nìkan kọ́ ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Nígbà tí ilé òṣìṣẹ́ kún fọ́fọ́, tí ìdílé kan ń gbé nínú yàrá kan tàbí méjì, ilé ọtí ni pálọ̀ tálákà. Ibẹ̀ ni iná ti ń jó nígbà òtútù, ibẹ̀ ni ìwé ìròyìn wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ibi tí iṣẹ́ wà. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí wọ́n dà bí èésú tiwa, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba owó jọ fún ìtọ́jú aláìsàn àti ìsìnkú. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú, inú yàrá òkè ilé ọtí ni wọ́n ti ń ṣèpàdé. Bí ẹnì kan bá kú ikú òjijì, ilé ọtí ni wọ́n sábà máa ń lò fún ìwádìí ikú rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni gbọ̀ngàn tó tóbi jù ní àdúgbò.

Lítíréṣọ̀ pẹ̀lú kò gbẹ́yìn níbẹ̀. John Freeth, ẹni tó gbé láti 1731 di 1808, ni olówó ilé ọtí Leicester Arms ní òpópónà Bell. Akéwì ni, olórin sì ni. Bí ìròyìn ogun tàbí ìdìbò bá dé, a fi kọ orin, a sì kọ ọ́ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní alẹ́. Kódà ewì ló fi máa ń pe ènìyàn wá jẹun. Àwòrán kan wà ní ilé ìṣẹ̀m̀báyé Birmingham, tí Johannes Eckstein yà ní 1792, tó fi Freeth hàn láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò tábà àti ife ọtí. Ẹni tó bá mọ bí àwọn akéwì alohùn ṣe ń fi ìròyìn àwùjọ kọrin níbi àríyá ní ilẹ̀ Yorùbá yóò mọ irú ènìyàn tí Freeth jẹ́.

Òfin ọdún 1830 ló mú kí ilé ọtí pọ̀ bí eṣú. Ìjọba rò pé bíà sàn ju jíìnì lọ, wọ́n sì sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá ń san owó-orí ilé rẹ̀ lè fi gíní méjì péré gba ìwé àṣẹ láti máa ta bíà nínú ilé ara rẹ̀. Ẹni tó ní yàrá kan níwájú ilé sọ ọ́ di ibi ìmutí. Birmingham tilẹ̀ ní àṣà kan tó gbajúmọ̀, tí wọ́n ń pè ní Mọ́ńdè Mímọ́. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kì í lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Ilé ọtí ni wọ́n ń lọ, wọ́n á sì fi òru ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta san gbèsè iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ kí gbogbo ènìyàn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ló pa àṣà yìí díẹ̀díẹ̀. Ìfìyàjẹni wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọ̀gá kan máa ń san owó iṣẹ́ nínú ilé ọtí, kí owó náà lè tán síbẹ̀. Ní 1883 ni òfin dá irú ìsanwó bẹ́ẹ̀ dúró. Bí àwọn ìyàwó àti ọmọ bá ń rántí ilé ọtí ìgbà náà, ìrántí tiwọn lè yàtọ̀ pátápátá sí ti bàbá.

Ìbọn, Kòkó àti Ilẹ̀ Yorùbá

Ó dára kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mọ̀ pé ìlú yìí kò jìnnà sí ìtàn tiwa. Ní àdúgbò àwọn aṣèbọn, nítòsí òpópónà Steelhouse, ìbọn tí wọ́n ń rọ kò lóǹkà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn ni àwọn oníṣòwò kó wá sí etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ọ̀rúndún kejìdínlógún láti fi ra ẹrú. Ẹni tó parí ọwọ́ ìbọn ní ọ̀sán a wọ ilé ọtí ní ìrọ̀lẹ́, a fi owó rẹ̀ mutí; ẹni tí ìbọn náà yóò kó lẹ́rú kò mọ orúkọ ìlú tí wọ́n ti ṣe é.

Ìbátan kejì ni kòkó. Ìdílé Cadbury jẹ́ ẹlẹ́sìn Kuékà, tí kò fẹ́ràn ọtí rárá. Kòkó mímu ni wọ́n ń tà, wọ́n sì gbà pé yóò gba ọtí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ní 1879 wọ́n kó ilé-iṣẹ́ wọn lọ sí Bournville, ní gúúsù ìlú náà. Láti 1895 ni George Cadbury bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé àwọn ènìyàn síbẹ̀, pẹ̀lú ọgbà àti pápá ìṣeré, ṣùgbọ́n kò gba kí ilé ọtí kankan wà nínú àdúgbò náà. Kòkó ilẹ̀ Yorùbá wà lára èyí tí ilé-iṣẹ́ náà rà lẹ́yìn náà, orúkọ Bournville ló sì wà nínú orúkọ Bournvita tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà ń mu ní òwúrọ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń ka iye ilé ọtí tí ó kú, ó yẹ kí a rántí pé àdúgbò kan wà ní ìlú yìí tí wọn kò tilẹ̀ bí i síbẹ̀ rí, àwọn tó sì fẹ́ bẹ́ẹ̀ gbà pé wọ́n ń ṣe òṣìṣẹ́ lóore ni.

Ìtìpa Àkọ́kọ́: Kí Ó Dín, Kí Ó sì Dára

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé láìpẹ́ yìí ni ilé ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1877, Joseph Chamberlain, tó ti ṣe méyọ̀ ìlú náà láti 1873 di 1876, dábàá ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé kí àwọn ìgbìmọ̀ ìlú gba ilé ọtí lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, bí wọ́n ti ṣe ní Gothenburg ní ilẹ̀ Sweden. Àbá náà kò wọlé. Ní òpin ọ̀rúndún náà, Arthur Chamberlain, àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ adájọ́ nínú ìgbìmọ̀ tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ọtí, gba ọ̀nà mìíràn yọ. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá àwọn apọntí ńlá dúnàádúrà: bí wọ́n bá fi ìwé àṣẹ ilé ọtí kéékèèké ní àárín ìlú sílẹ̀, wọn yóò rí àṣẹ gbà láti kọ́ ilé ọtí ńlá, tó mọ́, tó ní ọgbà, sí àwọn àdúgbò tuntun. Kí ó dín, kí ó sì dára, ni ọ̀rọ̀ àmúlò wọn. Òfin ọdún 1904 wá jẹ́ kí wọ́n máa san owó gbà-má-bínú fún ẹni tí wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ètò yìí mú kí ọ̀pọ̀ ilé ọtí kéékèèké pa rẹ́, ó sì gbé agbára lé ọwọ́ àwọn apọntí ńlá bíi Ansells ní Aston àti Mitchells & Butlers ní Cape Hill, Smethwick. Àwọn ló ni ọ̀pọ̀ ilé ọtí ìlú náà. Ẹni tó ń tà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ ta bíà ẹlòmíràn.

Ẹ̀yìn náà ni ìwólulẹ̀ dé. Ogun Àgbáyé Kejì fi bọ́ǹbù ba ìlú náà jẹ́. Lẹ́yìn ogun, Herbert Manzoni, ẹnjiníà àgbà ìlú náà láti 1935 di 1963, ṣe ètò láti wó àwọn àdúgbò tí ilé wọn ti gbó ní àyíká àárín ìlú, bíi Ladywood, Highgate, Newtown, Lee Bank àti Duddeston pẹ̀lú Nechells. Ilé tuntun tó ní omi àti ilé ìwẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò wọn, àǹfààní ńlá sì ni èyí jẹ́ fún àwọn tó ti ń lo ilé ìyàgbẹ́ kan náà pẹ̀lú aládùúgbò mẹ́ta. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n wó òpópónà, wọ́n wó ilé ọtí orí ìkóríta rẹ̀ pẹ̀lú. Òpópónà ńlá tó yí àárín ìlú po, tí Ọbabìnrin ṣí ní 1971, gba orí ọ̀pọ̀ wọn kọjá. Àwọn tó ń mutí pọ̀ níbẹ̀ ti fọ́n káàkiri sí ilé alájà gíga, àwọn kan wọn kò sì tún pàdé mọ́.

Ilẹ̀kùn Kejì

Láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e, ó yẹ kí a mọ bí inú ilé ọtí ṣe rí. Yàrá inú rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Yàrá gbogbogbò wà, tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ní kápẹ́ẹ̀tì, níbi tí òṣìṣẹ́ lè wọ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́. Yàrá kejì wà, tó ní àga tìmùtìmù, níbi tí owó ọtí ti fi díẹ̀ lé sí i, tí ọkọ àti ìyàwó ń jókòó sí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kò sí ẹni tó kọ òfin náà sára ògiri, ṣùgbọ́n oníkálukú mọ yàrá tirẹ̀.

Lẹ́yìn 1948, àwọn ènìyàn láti erékùṣù Karíbíà, láti Íńdíà àti Pákísítánì, àti láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wá sí Birmingham àti Smethwick. Ilé-iṣẹ́ ń wá ọwọ́ kún ọwọ́, ilé ìyọ́rin sì ni ọ̀pọ̀ àwọn ará Punjab ti ríṣẹ́, níbi tí iṣẹ́ ti le jù. Nídìí iná, àwọn àti òyìnbó jọ ń làágùn ni. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, òyìnbó a gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ a dúró síta. Ilé ọtí mìíràn kì í ta ọtí fún aláwọ̀ dúdú tàbí ará Íńdíà rárá. Òmíràn a gbà wọ́n sí yàrá gbogbogbò, ṣùgbọ́n yàrá alága tìmùtìmù di èèwọ̀ fún wọn. Títí di 1965, kò sí òfin ilẹ̀ náà tó sọ pé ó burú láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Ọ̀wàrà 1964, Smethwick di olókìkí fún ohun tí kò dára. Peter Griffiths wọlé ìdìbò níbẹ̀ pẹ̀lú ìpolongo tó gbé ìkórìíra àwọn àlejò sókè, ó sì fẹ̀yìn Patrick Gordon Walker balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú ti Gordon Walker ló wọlé ní gbogbo ilẹ̀ náà. Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Íńdíà kò káwọ́ gbera. Ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú wọn ni Avtar Singh Jouhl, òṣìṣẹ́ ilé ìyọ́rin, tó dé láti Íńdíà ní 1958. Ọgbọ́n tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ni pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó jẹ́ aláwọ̀ funfun kọ́kọ́ wọ ilé ọtí lọ, kí wọ́n ra ọtí. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Íńdíà yóò wọlé, tí wọn yóò béèrè ohun kan náà. Bí wọ́n bá kọ̀ fún wọn, ẹ̀rí ti wà nílẹ̀.

Àwọn ni wọ́n pe Malcolm X wá sí Smethwick ní ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé 1965. Ó rìn ní òpópónà Marshall, níbi tí àwọn òyìnbó kan ti fẹ́ kí ìgbìmọ̀ ìlú ra ilé kí aláwọ̀ dúdú má baà rí i rà. Lẹ́yìn náà ni òun àti Jouhl wọ ilé ọtí Blue Gates. Wọ́n kọ̀ láti dá wọn lóhùn ní yàrá alága tìmùtìmù. Yàrá gbogbogbò ni wọ́n ní kí wọ́n lọ. Mùsùlùmí ni Malcolm, kì í mutí. Ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ ilé náà kì í ṣe ọtí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù Ẹ̀bìbí 1964, kò pé ọdún kan ṣáájú ìgbà náà, Malcolm X wá sí Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí níbẹ̀ sọ ọ́ ní Ọmọ́wálé, orúkọ tí a fi ń kí ọmọ tó ti àjò dé. Ẹni tí wọ́n sọ ní Ọmọ́wálé ní Ìbàdàn ni wọ́n fi yàrá hàn bí àlejò tí a kò pè ní Smethwick. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìbẹ̀wò yẹn, ní ọjọ́ 21 oṣù Èrèlé, wọ́n yìnbọn pa á ní New York. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún kan náà ni òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sọ pé kò bófin mu láti ti ẹnikẹ́ni sẹ́yìn ní ilé ọtí, ilé ìtura àti irú ibi bẹ́ẹ̀ nítorí àwọ̀ tàbí ìran rẹ̀. Òfin náà kò dé ọ̀rọ̀ ilé gbígbé àti iṣẹ́. Ó di 1968 kí ìyẹn tó kún un. Ilé ọtí, tí àwọn kan kà sí ohun yẹpẹrẹ, wà lára ibi àkọ́kọ́ tí òfin dé.

Òru Ọjọ́ 21 Oṣù Bélú 1974

Àwọn ilé ọtí méjì kan wà tí kò sí ẹni tó lè rántí Birmingham tí yóò fo orúkọ wọn: Mulberry Bush, ní ìsàlẹ̀ ilé gogoro tí wọ́n ń pè ní Rotunda, àti Tavern in the Town, tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ní òpópónà New Street. Ní òru ọjọ́ 21 oṣù Bélú 1974, bọ́ǹbù bú gbàmù nínú àwọn méjèèjì. Ènìyàn 21 kú, àwọn tó farapa sì ju 180 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tó jáde lọ ṣe fàájì.

Ìbànújẹ́ náà ti ilẹ̀kùn mìíràn. Àwọn ará Ireland pọ̀ ní Birmingham, àwọn ni wọ́n kọ́ púpọ̀ nínú àwọn títì àti ilé rẹ̀. Lẹ́yìn bọ́ǹbù náà, ojú tí àwọn aládùúgbò fi ń wò wọ́n yí padà, kódà àwọn tí kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n gbére dá ọkùnrin mẹ́fà lára wọn lẹ́jọ́ ní 1975. Ní 1991 ni ilé ẹjọ́ tú wọn sílẹ̀, nítorí ìdájọ́ náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní 2019 ni ìgbẹ́jọ́ lórí ikú àwọn 21 náà parí, ó sì sọ pé wọ́n pa wọ́n lọ́nà àìtọ́. Fún àwọn ìdílé wọn, ìrántí ilé ọtí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín àti orin àtijọ́.

Bí Iṣẹ́ Ṣe Kú, Tí Ilé Ọtí Tẹ̀ Lé e

Ọ̀rọ̀ ajé ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé ọtí tó kù. Ilé ọtí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ń jẹun lára ilé-iṣẹ́ náà ni. Nígbà tí àwọn ilé ìyọ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá wọlé ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, ẹni tí yóò wọlé ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kò sí mọ́. Àwọn apọntí fúnra wọn kò yè é. Wọ́n ti ilé-iṣẹ́ Ansells ní Aston pa ní 1981 lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì. Ti Davenports tẹ̀ lé e ní 1989. Ti Cape Hill dákẹ́ ní 2002. Ní oṣù Igbe 2005, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ MG Rover ní Longbridge dẹnu kọlẹ̀, nǹkan bí òṣìṣẹ́ 6,000 sì pàdánù iṣẹ́ wọn.

Ìjọba pẹ̀lú fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà. Ní 1989 wọ́n ṣòfin pé apọntí tó ní ilé ọtí tó ju 2,000 lọ gbọ́dọ̀ dín agbára rẹ̀ kù. Èrò wọn ni pé àwọn oníṣòwò kéékèèké ni yóò jèrè. Àwọn ilé-iṣẹ́ onílé tuntun ló rà wọ́n, tí wọ́n ń gba owó ilé tó ga lọ́wọ́ ẹni tó ń tà. Bíà ilé ìtajà ńlá wá dínwó, àwọn ènìyàn sì ń gbé e lọ sílé láti mu ún nídìí tẹlifíṣàn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Agẹmọ 2007, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni mu sìgá nínú ilé ọtí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀dọ̀fóró àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ jèrè, àpò àwọn onílé kan jìyà. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2020, àrùn Kòrónà mú kí wọ́n ti gbogbo wọn pa lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn kan kò sì ṣí mọ́. Ní gbogbo Bìrìtìkó, nǹkan bí 60,000 ilé ọtí ló wà ní 2000. Ní 2019 wọn kò pé 48,000.

Nígbà mìíràn, ìlọsíwájú tuntun ló ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ti àtijọ́. Ilé ọtí Eagle and Tun ní Digbeth, tí ẹgbẹ́ olórin UB40 ti ya fíìmù orin wọn kan ní 1983, ni wọ́n wó ní 2020 nítorí ojú irin tuntun tó ń bọ̀ láti London. Ní ìgbèríko nítòsí Dudley, ilé ọtí Crooked House, tí ilẹ̀ ìwakùsà abẹ́ rẹ̀ ti rì tí ilé náà fi wọ́, gbaná ní ọjọ́ 5 oṣù Ògún 2023. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n ti wó o palẹ̀. Yorùbá a ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Níbẹ̀, àwọn ènìyàn kò fẹ́ ẹwà tuntun. Ògiri wíwọ́ àtijọ́ ni wọ́n ń béèrè. Ní oṣù Èrèlé 2024, ìgbìmọ̀ àdúgbò náà pàṣẹ pé kí wọ́n tún un kọ́ bó ṣe wà.

Àwọn Tí Wọ́n Tì Síta Ló Ṣí i

Apá kan ìtàn yìí wà tí ó yẹ kí olùkọ́ má fo. Bí àwọn òyìnbó ṣe ń kúrò ní àwọn àdúgbò ilé-iṣẹ́, tí àwọn onílé sì ń wá ẹni tí yóò gba ilé ọtí tí kò mówó wọlé mọ́, àwọn ará Punjab kan kó owó ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ wọn jọ, wọ́n gbà á. Wọ́n pa orúkọ àtijọ́ mọ́. Wọ́n fi ẹran yíyan àti ata kún ohun tí wọ́n ń tà. Àwọn ènìyàn wá ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní pọ́ọ̀bù Dẹ́sì, wọ́n sì pọ̀ ní Smethwick, West Bromwich àti Handsworth. Ní Red Lion, West Bromwich, gíláàsì aláràbarà wà lójú fèrèsé, irú èyí tí a ń rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń sọ ìtàn àwọn ará Íńdíà tó wá ṣiṣẹ́ ní agbègbè náà. Ní 2023, David Jesudason tẹ odindi ìwé kan jáde nípa àwọn ilé ọtí wọ̀nyí. Jouhl ti kú ní ọdún tó ṣáájú, 2022, ṣùgbọ́n ó pẹ́ láyé tó láti rí i pé àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n lé jáde ló wá ń ṣí ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́.

Bí a bá wò ó dáadáa, ohun tó dùn ni, ó sì korò. Bí kì í bá ṣe àwọn tí wọ́n tì síta, ilé ọtí púpọ̀ sí i ni ì bá ti parẹ́ ní agbègbè náà. Yorùbá a máa sọ pé ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ṣùgbọ́n ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Òyìnbó tó mutí ní Blue Gates ní 1965 lè rántí orin, eré ọfà àti bíà tó tutù, kí ó má sì purọ́ rárá. Ẹni tó dúró síta ní òru kan náà yóò rántí ilẹ̀kùn. Ìrántí méjèèjì jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan nìkan ló sábà máa ń dé inú ìwé.

Ẹ̀kọ́ fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú èyí. Ẹni tó bá fẹ́ kó ìtàn ibìkan tó ti parẹ́ jọ, ìbáà jẹ́ ilé ọtí ní Birmingham, ilé sinimá ní Ìbàdàn tàbí abẹ́ igi ẹlẹ́mu ní abúlé tirẹ̀, ìbéèrè méjì ni kí ó máa gbé dání. Kí ni àwọn tó wà nínú ilé rí? Ta ni kò lè wọlé, kí sì ni òun náà rí? Ìwé kíkà nìkan kò tó fún ìbéèrè kejì, nítorí pé ẹni tí kò wọlé kì í sí nínú fọ́tò. Àfi kí a lọ bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ tó lọ.

Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ ìtàn ọ̀mu kan tí adẹ́mu rẹ̀ kú. Ní 1952 ni ìwé náà, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní London. Ọ̀mu náà rin ìrìn àjò tó le dé ìlú àwọn òkú, ó sì rí adẹ́mu rẹ̀, ṣùgbọ́n adẹ́mu kò lè bá a padà wálé mọ́. Ẹyin kan ló fi rán an, ẹyin náà ló sì fi bọ́ àwọn ènìyàn nígbà ìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni ti ilé ọtí tí wọ́n ti wó: kò sí ẹni tó lè mú un padà. Ohun tí a lè gbé bọ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìtàn rẹ̀, ti ẹni tó jókòó nínú ilé àti ti ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.